Orí Kẹrin: Ohun Tí Ojú Rí àti Ohun Tí Inú Mọ̀

Ẹni tó bá dúró sí Ìyànà-Ìbà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tí ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrí ti pàdé títì Èkó sí Bàdágírì, yóò rí ohun tí a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ orí yìí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti so ọkọ̀ mọ́ra láti Òkòkòmáíkò. Awakọ̀ dáńfó kan yọ orí síta, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀nà kejì tí àwọn tó ń bọ̀ láti Mile 2 ń gbà. Kọ́ńdọ́ rẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró. Kí a tó ṣẹ́jú, dáńfó náà ti bọ́ sí ọ̀nà ọlọ́nà, ó tan iná iwájú nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ó ń fọn fèrè, ó ń lọ. Èrò méjì pariwo: “Dírẹ́bà, má pa wá o!” Àwọn yòókù dákẹ́. Obìnrin kan tó gbé báàgì lé ẹsẹ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Ẹ bi àwọn tó wà létí títì pé kí ló dé tí awakọ̀ yẹn fi gba wọ́n-wéè. Ọ̀kan yóò ní wèrè ni. Èkejì yóò ní ojúkòkòrò ni. Àgbàlagbà kan yóò ní wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Àwọn aláṣẹ pàápàá ti dáhùn bí ará àdúgbò rí: ìgbà kan wà ní Èkó tí wọ́n ń ní kí awakọ̀ tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbi wọ́n-wéè lọ ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ. Gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí, inú ọkùnrin náà ni wọ́n ń wò: ọpọlọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀, ìwà rẹ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní behaviorism, tí àwa yóò máa pè ní ẹ̀kọ́ ìṣesí, ní kí a kọ́kọ́ gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó ní: ẹ wo ohun tó ṣe, ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ kó tó ṣe é, kí ẹ sì wo ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tó ṣe é tán.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí mo dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ẹ̀kọ́ ìṣesí sílẹ̀ pátápátá yóò máa bú ènìyàn níbi tó yẹ kó ti máa tún ọ̀nà ṣe. Ẹni tó bá sì rò pé òun nìkan tó láti fi mọ ènìyàn, ó máa dé ibì kan tí ojú rẹ̀ ò ti ní í ríran mọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín dé.

Ajá, ológbò, eku àti ẹyẹlé

Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà, kò gbèrò láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun nípa ọkàn. Bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1904. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé àwọn ajá tó fi ń ṣiṣẹ́ ti ń da itọ́ kí oúnjẹ tó kan ẹnu wọn, bí wọ́n bá ti rí ẹni tó máa ń gbé e wá. Ohun tí kì í ṣe oúnjẹ ti ń ṣe bí oúnjẹ lára wọn. Ẹni tí itọ́ ti yọ lẹ́nu rẹ̀ rí nítorí pé ó gbọ́ ìró odó nílé oníyán ò nílò àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, Edward Thorndike ti ológbò tí ebi ń pa mọ́ inú àpótí ní 1898. Ológbò náà ha ibí, ó bu ọ̀hún jẹ, títí ó fi ṣèèṣì fa ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ń dá a padà sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tó fi ń jáde ń dínkù. Ìṣe tó bá bí ohun rere fún ẹni tó ṣe é yóò tún wáyé. Èyí tó bá bí ìnira yóò máa jó rẹ̀yìn. John B. Watson ló wá sọ ọ́ di ìjà ní 1913. Ó ní ọkàn ò ṣeé wọ̀n, ìṣesí nìkan ni ẹni méjì lè jọ rí láìjiyàn. Ní 1920, òun àti Rosalie Rayner gbé eku funfun síwájú ọmọ jòjòló kan tí wọ́n pè ní Albert, wọ́n sì ń fi òòlù lu irin lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹ̀rù eku fi bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọmọ náà. Wọn ò mú ẹ̀rù yẹn kúrò lára rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bínú sí èyí, kó má sì gbàgbé rẹ̀ nígbà tó bá ń kọ orúkọ Watson sínú ìwé ìdánwò.

B. F. Skinner (1904–1990) ló gbé ẹ̀kọ́ náà jìnnà jù, pẹ̀lú eku àti ẹyẹlé. Àṣìgbọ́ ńlá kan sì wà nípa rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ tún ṣe. Wọ́n máa ń sọ pé ó ní ènìyàn ò ní èrò. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní èrò wà, ó ní èrò pàápàá jẹ́ ìṣe tí ara ń ṣe lábẹ́ awọ níbi tí ẹlòmíì ò ti lè rí i. Ohun tó kọ̀ ni kí a fi èrò ṣe òpin ìwádìí. Bí a bá ní awakọ̀ gba wọ́n-wéè torí pé olójúkòkòrò ni, tí wọ́n wá bi wá pé báwo la ṣe mọ̀ pé olójúkòkòrò ni, tí a sì dáhùn pé “Ṣé ẹ ò rí i pé ó gba wọ́n-wéè ni?”, a ò tíì sọ nǹkan kan. Ojú kan náà la ń yí po.

Èdè wa ti mọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. A kì í sọ pé àṣà mọ́ ènìyàn lọ́kàn. A ní ó ti mọ́ ọn lára. Bó bá wá le, a ní ó ti di bárakú. Ohun tó ń tẹ̀ lé ìṣe tó sì ń mú kó tún wáyé, kóríyá ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí. Ọ̀nà méjì ni kóríyá ń gbà dé: ohun tó dùn lè wọlé, ohun tó ń nini lára sì lè jáde. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé èkejì yìí fún ìjìyà. Kì í ṣe ìjìyà rárá. Ẹni tí orí ń fọ́, tó lo oògùn tí orí rẹ̀ sì fúyẹ́, kóríyá ló gbà. Bí orí bá tún fọ́ ọ lọ́la, ibi oògùn yẹn ni yóò nawọ́ sí.

Ìṣírò awakọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìyànà-Ìbà. Awakọ̀ dáńfó kì í gba owó oṣù. Owó ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ fi lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ lálẹ́ wà, owó epo wà, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí agbèrò ń gbà wà. Èyí tó bá kù ni tirẹ̀ àti ti kọ́ńdọ́. Iye tíríìpù tó bá lọ kí ilẹ̀ tó ṣú ló ń sọ bóyá nǹkan yóò kù tàbí kò ní í kù.

Bó bá gba wọ́n-wéè, kóríyá dé lójú ẹsẹ̀. Gọ́slóò tó ká a mọ́ ti tú, atẹ́gùn fẹ́ wọ inú ọkọ̀, èrò tó ń ráhùn pé òun ti pẹ́ dákẹ́, tíríìpù kan tó ti sọ nù padà bọ̀ sọ́wọ́. Ohun tó ń nini lára jáde, ohun tó dùn sì wọlé, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìjìyà ńkọ́? Nínú ìwé, ó le. Òfin ìrìnnà tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2012 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 1 sí i fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, ó fi ọdún 3 sí i fún ẹni tó tún ṣe é, ó sì lè pàdánù ọkọ̀ rẹ̀ sí i. Àmọ́ LASTMA, àjọ tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ò lè dúró sí gbogbo orígun lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ mọ wákàtí tí wọ́n ń dé, ó mọ ibi tí wọ́n máa ń dúró sí. Ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ lónìí lè ti gbà á ní ogójì ìgbà láìsí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú ilé ìwádìí ni pé kí ìjìyà tó ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ yá, ó sì gbọ́dọ̀ dájú. Líle rẹ̀ ò lè dípò méjèèjì. Ẹ̀wọ̀n tó ń fo ènìyàn mọ́kàndínlógójì kó tó mú ẹyọ kan, ìtàn lásán ni létí ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

Ìjìyà tún ní àbùkù kan tí Skinner kò dẹ́kun láti máa sọ. Kì í kọ́ni ní ohun tó yẹ ká ṣe. Bí a ṣe ń sá fún ẹni tó ń jẹni níyà ló ń kọ́ni. Ẹ wo kọ́ńdọ́ tó sáré síwájú dáńfó yẹn. Ojú ló ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣọ́: ṣé wọ́n wà níwájú? Ọgbọ́n tí ìjìyà kọ́ àwọn méjèèjì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pàṣán rí nílé ìwé. Ọmọ tí wọ́n ń nà torí ariwo kì í kọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó ń kọ́ láti mọ ìró bàtà olùkọ́.

Ilẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ náà wà lára olùkọ́ wọn. Títì Èkó sí Bàdágírì tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá ní 2009 wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n ya rélùwéè Blue Line pé yóò jẹ́ kìlómítà 27 láti Marina dé Òkòkòmáíkò. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù September, 2023 parí sí Mile 2. Apá tó ń bọ̀ wá sí Òkòkòmáíkò ni wọ́n gbé sí ìpele kejì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ibi tí ilẹ̀ ti là sí méjì láàárín títì, tí ọkọ̀ ti lè rọ́nà kọjá sí òdìkejì, ń pe awakọ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ọjọ́ tó pè é tí kò fún un ní nǹkan. Ẹni tí ẹ̀kọ́ ìṣesí bá yé yóò ní kí wọ́n dí ibẹ̀ pa, kí wọ́n sì tún ibi tó ti gbẹ́ kòtò ṣe kí ọ̀nà tó tọ́ lè yá ju ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ. Kò ní bá ọpọlọ ẹnikẹ́ni jà.

Iyì tí mo rí nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ó ń gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ orúkọ burúkú. Kó tó di pé a ní “ẹ̀yà báyìí ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń hùwà nìyẹn”, ó ní ká wo ohun tí à ń fún wọn nígbà tí wọ́n bá hu ìwà náà.

Nọ́ńbà tó kù díẹ̀

Kò sí ibi tí iṣẹ́ Skinner ti hàn kedere tó ilé tẹ́tẹ́. Ní 1957, òun àti Charles Ferster tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìgbà àti ọ̀nà tí kóríyá ń gbà dé. Ẹyẹlé tó ń rí ọkà ní gbogbo ìgbà tó bá ṣá bọ́tìnnì yóò tètè ṣíwọ́ bí ọkà bá dáwọ́ dúró. Ẹyẹlé tó ń rí ọkà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìmọ ìgbà, lẹ́yìn ìgbà márùn-ún lónìí, lẹ́yìn ọgọ́ta lọ́la, yóò máa ṣá a pẹ́ títí lẹ́yìn tí ọkà ti tán.

Ẹ ya ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ Baba Ìjẹ̀bú ní Òkòkòmáíkò lọ́sàn-án. Ọkùnrin kan tó ti jí láti aago mẹ́rin, tó ti gbé ẹrù ní ọjà Alaba títí ọrùn fi wọ̀ ọ́, jókòó sórí àga pákó, ó ń fi bíró yí nọ́ńbà ká nínú bébà àtijọ́. Méjì nínú nọ́ńbà mẹ́ta rẹ̀ jáde. Ó fi ọwọ́ gbá itan. “Ó kù díẹ̀!” Ẹ̀ẹ̀kan tó jẹ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn ṣì wà lára rẹ̀, “ó kù díẹ̀” yìí náà sì ń ṣe bíi kóríyá fún un. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ẹ̀mí kan ló ń bá a jà. Ẹyẹlé Skinner ò ní ẹ̀mí kankan tó ń bá a jà. Bí wọ́n ṣe to èrè síwájú wọn ló dọ́gba. Ẹni tó bá mọ èyí lè jókòó ti irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láìgàn án, kó sì bá a wá ọ̀nà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò fi ní í máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá.

Ìwòsàn náà ti jáde láti inú ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1924, Mary Cover Jones mú ẹ̀rù ehoro kúrò lára ọmọ kékeré kan tí wọ́n pè ní Peter: ó ń gbé ehoro náà sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọmọ náà bá ń jẹ ohun tó fẹ́ràn. Joseph Wolpe, ará Gúúsù Áfíríkà, sọ ọ̀nà bẹ́ẹ̀ di ìtọ́jú fún àgbàlagbà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1958. Ká ní ọ̀kadà gbé obìnrin kan ṣubú, tí kò sì lè gun ọ̀kadà mọ́, tí àyà rẹ̀ ń já bó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀. Wọn ò ní í wàásù fún un. Wọn ò ní í tì í gun orí rẹ̀. Wọ́n á kọ́ ọ bí yóò ṣe mí kí ara rẹ̀ rọlẹ̀, yóò gbọ́ ìró náà láti inú yàrá, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò fọwọ́ kan èyí tí wọ́n pa iná rẹ̀, títí yóò fi jókòó sórí èyí tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ara ló kọ́ ẹ̀rù, ara náà ni wọ́n ń kọ́ láti gbàgbé rẹ̀.

Àwọn tó dákẹ́

Títí dé ibí, ẹ̀kọ́ ìṣesí ń gbà wá là. Ẹ wá wo àwọn èrò tó dákẹ́ nínú dáńfó yẹn. Ẹni tó dúró síta tó mú bíró àti bébà yóò kọ ohun kan náà sílẹ̀ fún gbogbo wọn: wọn ò sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọ̀kan ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti sùn. Ọ̀kan ti pariwo lánàá, kọ́ńdọ́ sì bú u, ó wá pinnu pé òun ò ní í sọ̀rọ̀ mọ́. Obìnrin tó wo aago, ìdánwò ni ọmọ rẹ̀ ní ní aago mẹ́jọ. Ẹ̀rù ń bà á, ojú ń tì í pé inú òun dùn, ó sì mí kanlẹ̀. Ìṣesí kan náà ni, ohun tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀ síra. Ẹ lè ní ká máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ọdún kan, ìyàtọ̀ náà yóò yọjú. Ó lè yọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan péré, “Mà, kí ló dé tí ẹ ò fi sọ̀rọ̀?”, yóò mú wa débẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì kọ́ wa ní ohun tí ọdún kan lè má kọ́ wa.

Owó ìtanràn náà ní ìtumọ̀ tó ń mú wọlé. Ní ìlú Haifa ní Ísírẹ́lì, àwọn òbí máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá mú ọmọ wọn ní ilé ìtọ́jú ọmọdé. Uri Gneezy àti Aldo Rustichini, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2000, wo irú ilé bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n fi fáìnì kékeré sí pípẹ́ ní mẹ́fà nínú wọn. Iye òbí tó ń pẹ́ lọ sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, kò sì wálẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ fáìnì náà kúrò. Ẹ lè ní fáìnì náà kéré jù. Kí ló wá dé tí pípẹ́ fi pọ̀ ju ìgbà tí kò sí ìjìyà kankan lọ? Ṣáájú, òbí tó pẹ́ mọ̀ pé òun ń dá olùkọ́ dúró; ojú ń tì í. Nígbà tí fáìnì dé, ó ti san án, gbèsè tán nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ṣe ìjìyà ra ìtìjú padà. Ẹ rò ó wò ní títì wa: awakọ̀ tó bá ti ka owó ìtanràn mọ́ owó epo àti owó tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ti sọ òfin di ọjà.

Aláfúlù

Ní 1957 yẹn náà, Skinner tẹ ìwé mìíràn jáde láti fi hàn pé èdè pàápàá kò ju ìṣesí tó ń gba kóríyá lọ. Àwọn ibì kan wà tí èyí ti bá a mu wẹ́kú. Èrò inú dáńfó tó sún mọ́ ibi tó ń lọ yóò ké “Ó wà o!”, ọkọ̀ yóò sì dúró. Ó ké e lánàá, ọkọ̀ dúró. Yóò tún ké e lọ́la. Ọmọ kékeré ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ kó tó mọ orúkọ bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀bù kan ṣoṣo.

Noam Chomsky ta ko ìwé náà gidigidi ní 1959. Mo fẹ́ fi ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dán wò nílé ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ju kí n máa ro àríyànjiyàn wọn lọ. Ẹ pe ọmọ ọdún márùn-ún kan tó ń sọ Yorùbá dáadáa. Ẹ sọ fún un pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ àfúlù. Ẹ bi í pé kí la máa pe ẹni tó ń tà á. Yóò ní “aláfúlù”. Ẹ ní òmíràn ń jẹ́ ẹ̀dùgbẹ̀. Yóò ní “ẹlẹ́dùgbẹ̀”. Ẹ ní ìkẹta ń jẹ́ kíńtòrò. “Oníkíńtòrò.” Èmi ni mo ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, wọn ò sí láyé. Ta ló wá fún ọmọ náà ní kóríyá lórí “aláfúlù”? Ta ló sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a, alá ni yóò jẹ́, bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ, ẹlẹ́ ni? Ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ lédè gan-an lè má lè sọ òfin náà bí ẹ bá bi í. Irú ìdánwò yìí ni Jean Berko ṣe fún àwọn ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, ó sì rí i pé àwọn náà ń lo òfin tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ṣe ní “ọlọ́kadà” nígbà tí ọ̀kadà dé, láìpe ìpàdé kankan. Ọmọ kì í kó ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ pa mọ́ lásán; ó ń rí ètò tó wà lábẹ́ wọn. Ojú ò rí ètò yẹn, síbẹ̀ òun ló ń sọ ohun tí ojú máa rí.

Bí aṣiwèrè ṣe máa tò ó

Àwọn onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Michael Cole, Joseph Glick àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, bá àwọn ará Kpelle ní Làìbéríà ṣiṣẹ́. Ìwé wọn jáde ní 1971. Wọ́n kó oúnjẹ, ohun èlò oko àti nǹkan mìíràn jọ, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ tò wọ́n bó ṣe yẹ. Àgbẹ̀ gbé ọ̀bẹ ti ọsàn, ó gbé ọkọ́ ti ọ̀dùnkún. Lójú ìwọ̀n tí wọ́n mú lọ, ìtò ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ ò tíì gbó nìyẹn, torí pé oúnjẹ ló yẹ kó bá oúnjẹ lọ. Àgbẹ̀ kan sì ń ṣàlàyé pé bí ọlọ́gbọ́n ṣe máa ń tò ó nìyẹn. Glick ròyìn pé nígbà tó sú wọn, wọ́n bi àgbẹ̀ náà pé báwo wá ni aṣiwèrè ṣe máa tò ó. Kíá, ó kó oúnjẹ sọ́tọ̀, ó kó ohun èlò sọ́tọ̀, bí àwọn àlejò ṣe fẹ́ ẹ láti àárọ̀.

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, èyí ló máa ń ká mi lára jù. Wọ́n ti wo ìṣesí àgbẹ̀ náà dáadáa, wọ́n ti kà á, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ sílé pé bí ọgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe mọ nìyẹn. Ìbéèrè kan ló yọ wọ́n. Àwa ará Áfíríkà tí a ti fi ojú wọ̀n tipẹ́ láìfi etí gbọ́, ó yẹ ká mọ iye tí ìbéèrè yẹn tó.

Àṣàkẹ́ àti Àjàní

Ẹ wo ilé kan ní Ọ̀jọ́ láàárọ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan jí, ó kúnlẹ̀: “Ẹ káàárọ̀, mà.” Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án lórí, ó pe oríkì rẹ̀, ó ní “Àṣàkẹ́ mi”, ó sì ń ki í lọ, ojú ọmọ ń dán, orúnkún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Lọ́la, yóò tún kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rán an létí. Ẹ̀kọ́ ìṣesí ní kíkúnlẹ̀ gba kóríyá, ó sì mọ́ ọn lára. Fún ọmọ ọdún méjì, àlàyé náà tó.

Ẹ wá wo ọkùnrin ọgọ́ta ọdún níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó ti ń gba àlejò láti àárọ̀, ó ń pín omi, ó ń dá àwọn alásè lóhùn. Arúgbó kan tí kò rí rí, tó wá láti ìlú ìyá rẹ̀, dúró níwájú rẹ̀, ó ní: “Àjàní.” Ọkùnrin náà di ògiri mú. Pavlov yóò ní ohùn náà ti so mọ́ ìtọ́jú ìyá láti kékeré. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kọ́ ló gbọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ló wọ̀ ọ́ lára: pé ọmọ ẹni báyìí ni, pé àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ, pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà ni wọ́n fẹ́ gbé sínú ilẹ̀ yìí. Bí ọlọ́jà kan ní Alaba bá pè é ní “Àjàní” torí kó lè ra ọjà òun, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì kọjá. Ọ̀rọ̀ kan náà, etí kan náà. Ẹni tó fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ilé rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kí ẹ lọ sí Ìyànà-Ìbà ní méjì-méjì fún wákàtí kan láàárọ̀, kí ẹ sì dúró síbi tí ọkọ̀ ò ti lè gbá yín. Kí ẹnì kìíní má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kó ka iye dáńfó tó gba wọ́n-wéè, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e, kó sì kọ bó ṣe pẹ́ tó. Kí ẹnì kejì lọ sí ibùdókọ̀, kó kí awakọ̀ kan dáadáa, kó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì bi í bó ṣe máa ń pinnu. Bí àkọsílẹ̀ ẹnì kìíní bá ta ko ìdáhùn tí ẹnì kejì gbà, ẹ má ṣe tíì dá èyíkéyìí nù; ẹ kọ méjèèjì wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ tó padà sílé, ẹ bi èrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó dákẹ́.